Téèpù Kì Í Parọ́

Máńgòrò ti ń pọ́n káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́,
oòrùn ń ta ni lára bí ata,
Oyèníyì wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n
pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn.
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú un wá,
Ìyá Gbọ́láhàn, oníbàárà mi láti ọdún mẹ́fà,
tí kì í jẹ mí ní gbèsè.
"Bá mi wọn yunifọ́ọ̀mù fún eléyìí,
ó ń gbó aṣọ bí ẹni ń jẹ ẹ́."

Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo wá ojú ewé èṣí:
ìbàdí, méjìlélógún.
Mo na téèpù. Ọmọ dijú.
N ò tíì fọwọ́ kàn án.
Àwọn ọmọ tí mo mọ̀, téèpù a máa rìn wọ́n ní ìgáàkè,
wọ́n á bú sẹ́rìn-ín;
eléyìí gbé apá bo orí
bí ẹni tí òjò yìnyín ká mọ́ ìta.

Ṣòkòtò ti kúrú. Ó ga sí i.
Ìbàdí: ogún.
Mo tún un wọ̀n.
Ogún.
Irú ọmọ wo ló ń ga sókè tó ń tán lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Mo ní kó bọ́ súwẹ́tà kí n lè wọn apá.
Ìlà méjìméjì ló ń bá ara wọn rìn lẹ́yìn rẹ̀
bí ojú ẹ̀rọ ìránṣọ;
wáyà ló ń rán irú èyí.
Òmíràn ti dúdú, òmíràn ṣì pọ́n.
"Kí ló ṣe ọ́?" Ọmọ ni mo bi.
Ìyá Gbọ́láhàn ló dáhùn:
"Orí igi máńgòrò ló ti já bọ́."
Igi wo ló ń ju ọmọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí,
a ó fi òsì fà á mọ́ra.
Mo wá ojú ọwọ́ òsì kiri ara ọmọ yìí.

Kí n má tan yín: ní èṣí, mo rí nǹkan lọ́rùn rẹ̀.
Mo ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni."
Mo gba owó mi.

"Bọ́tìnnì funfun ti tán," ni mo wí,
mo rán ìyá lọ sí Tákìé.
Bọ́tìnnì kún àpótí mi dé ẹnu.
Téèpù kì í parọ́; èmi parọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ojú mi lè wà nísàlẹ̀ tirẹ̀.
N ò bi í pé ta ni.
Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"
Ó ń ka òwú orí pẹpẹ: pupa, búlúù, pupa.
Ó pẹ́.
"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."
Ìlérí náà wà lẹ́nu mi
bí abẹ́rẹ́ tí aránṣọ fi eyín dì mú.
Mo yọ ọ́.
"N ò ní sọ fún ẹni tó ń nà ọ́.
N ó sọ fún ẹni tó lè dá a dúró.
Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi."

Ìyá Gbọ́láhàn dé. N ò bá a jà:
ìjà mi, ẹ̀yìn ọmọ ni yóò bọ́ sí lóru.
Mo kọ déètì sábẹ́ ìwọ̀n,
mo kọ ọ̀rọ̀ ọmọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.
Kílẹ̀ tó ṣú mo ti dé ilé Tíṣà Àlàbá ní Masífá.
Ó ní, "Ó ń sùn ní kíláàsì. Ó ń fi búrẹ́dì pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀.
Èmi náà ń rò ó ni."
Àwa méjì, a ń rò ó,
ọmọ kan ń rù.

Ojúmọ́ mọ́ bá wa lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ.

Àdúgbò ní mo tú ilé onílé.
Oníbàárà mẹ́rin kó aṣọ wọn lọ.

Oṣù kẹsàn-án, ìyá ìyá rẹ̀ mú un wá láti Ìkòyí-Ilé.
Ìbàdí: mọ́kànlélógún.
Ó ṣì dijú nígbà tí mo na téèpù,
ṣùgbọ́n kó tó kàn án,
ó la ọ̀kan.