Ó Hán an, Kò Dì í Mú

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò, ní oríta Àjàṣẹ́,
níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti ń kọ ẹ̀yìn síra wọn,
a pé mẹ́sàn-án lábẹ́ àtíbàbà Lásún fókànáísà,
kò sì sí ẹni tí táyà rẹ̀ jò nínú wa.
Àdánù ló kó wa jọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òró ti nà wá. Nílé wa.
Oókan sí òdo,
nígbà tí rẹfirí ti ń wá fèrè àfilọlé lápò.

Gbogbo wa la rí i:
bọ́ọ̀lù gòkè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sọ́run,
Mùtáírù fò, ó gbà á mọ́ àyà,
ó fi ẹ̀yìn balẹ̀.
Níbo ló balẹ̀ sí?
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo.

Lásún ní, "Ó mú un! Ohun téèyàn bá ti mú, ó tán."
Tíṣà Oyèbísí ní, "Rárá o. Ó hán an ni, kò dì í mú.
Híhán lọ́tọ̀, dídìmú lọ́tọ̀.
Bí mo bá ju kọ́kọ́rọ́ sí ọ, tí o hán an,
tí ìwọ àti òun wá jọ já sínú kànga,
ṣé ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà, àbí ọwọ́ kànga?"
A dákẹ́.
A ń wo kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà tó ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ọmọ ló wọlé, bọ́ọ̀lù ò wọlé!"
"Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mọ́ra, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ara rẹ̀!"
"Nígbà náà, tí mo bá gbé ewúrẹ́, mo ti di ewúrẹ́?"
"Tìẹ ti pẹ́."
Ẹ̀rín bú, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Tíṣà fa ìwé òfin yọ, tẹ́ẹ́rẹ́, tí èkúté ti jẹ létí:
gbogbo bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo ìlà.
"Gbogbo" lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan,
síbẹ̀ ààbọ̀ ló yé wa.
Lásún fi ọmọ ìka fa ìlà sórí ẹrọ̀fọ̀,
ó gbé tíúbù kan lé e.
Ó wò ó láti ọ̀tún: kò kọjá.
Mo wò ó láti òsì: ó kọjá.
A pààrọ̀ ipò,
ìdájọ́ náà sì bá wa pààrọ̀.

Wúlèmọ́tù, tó ti ń rọ epo bẹntiróò sínú ìgò láti òwúrọ̀,
ló wá fọhùn láìgbójú sókè:
"Ìlà wo? Eérú ni wọ́n fi fà á.
Òjò ti fọ̀ ọ́ lọ kí eré tó dé ìdajì.
Ẹ̀yìn àwọ̀n gan-an ni mo dúró sí,
mi ò rí ìlà.
Ojú ọmọ yẹn ni mo rí."

Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tí a ó fi fèsì
tí Mùtáírù fi yọ lọ́nà ilé-ìwé,
bọ́ọ̀lù yẹn gan-an lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀.
Afẹ́fẹ́ ló wá fi sí i.
Tíṣà fi ìwé òfin jókòó.
Lásún fẹ́ bọ́ọ̀lù, kò gba owó,
ó ń tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń tẹ ìbẹ́pẹ.

"Ṣé o mú un?"
Èmi ni mo bi í,
èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó yẹ kó kọ́kọ́ panu mọ́.
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
"Mo ṣì mú un," ó ní.
"Bí mo bá ti dijú lóru, ó wà láyà mi.
Mi ò tíì balẹ̀ ni."

Lásún ju bọ́ọ̀lù sí i.
Ó hán an.
Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.