Pákó Orí Gọ́tà

Bọ́tìnnì ni mo ń tà l'Ókè-Àdó,
òwú, síìpù, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, páàdì èjìká.
Títì kò jìnnà sí mi, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni,
ṣùgbọ́n gọ́tà wà láàárín,
pákó kan ló sì dá gọ́tà náà kọjá,
pákó arère tó ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ pé
ọjà ò tà, ayé ti le.
N kò ka àwọn tí wọ́n dúró lódìkejì,
tí wọ́n wo pákó, tí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn,
tí wọ́n bá tiwọn lọ.

Jẹ́nríọlá aránṣọ ló là mí lójú.
Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e kiri, ọwọ́ ló fi ń yí i.
Láti ojú títì ló ti máa ń ké:
"Bọ́tìnnì aláwọ̀ aró méjìlá! Olójú mẹ́rin!"
Èmi á sọ ọ́ sí i nínú ọ̀rá,
òun á sọ owó padà sí mi,
bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ.
Lọ́jọ́ kan, owó jábọ́ sí gọ́tà.
Àwa méjèèjì ń wò ó,
igba náírà, ó dojú kọ Ògùnpa.
Ó ní, "Ìyá Oníbọ́tìnnì, ọdún kẹfà rèé,
n kò fọwọ́ kan ọjà yín rí kí n tó rà á."
Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Obiora onípáìpù dá àpò sìmẹ́ǹtì kan.
Ìlíyá tó ń gán bàtà kò lówó, ó ru iyanrìn.
Onílé ní ká má fi ti òun ṣe,
ilé òun kì í ṣe ọsibítù.
A dà á lálẹ́ Sátidé,
ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti títì dé ẹnu ọ̀nà mi,
páìpù ńlá wà nísàlẹ̀ kí omi lè ráyè lọ.
Kó tó gbẹ, ewúrẹ́ kan ti gorí ẹ̀.
Ojú pátákò rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní:
oníbàárà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni aláboyún tí gọ́tà fífò ti sú,
ìyá àgbà kan tí n kò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbé,
alágbàrù pẹ̀lú bárò rẹ̀.
Mo gbé bẹ́ǹṣì síta.
Ẹni tó bá jókòó
ló ń rántí pé síìpù òun ti bàjẹ́.

Àwọn káńsù dé l'Ọ́jọ́bọ̀
pẹ̀lú ọ̀dà pupa. "Ta ló fún yín láṣẹ?"
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa ìlà méjì dá ara wọn kọjá lára ògiri mi,
ó ní títì gbọ́dọ̀ fẹ̀, ìlú gbọ́dọ̀ mọ́.
Mo ní, "Ọmọ mi, kó mọ́ fún ta?
Ẹ la èyí tí wọ́n ń gbà kọjá.
Èyí tí wọ́n á gbà yà ńkọ́?"
Kò dá mi lóhùn.
Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ:
kò fo gọ́tà. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa ló gbà,
kò tilẹ̀ wolẹ̀.

Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Ajé. A lọ. Wọ́n ní ká tún wá.
Àmì pupa náà ṣì wà lára ògiri.
Mo kan ìṣó sí àárín rẹ̀,
mo fi àpẹẹrẹ bọ́tìnnì kọ́ síbẹ̀.
Jẹ́nríọlá á yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé,
á fi àtàǹpàkò yẹ wọ́n wò, láì kánjú,
á ní, "Èyí kọ́.
Èyí náà kọ́. Ẹ mú òmíràn wá."
Mo sì ń mú un wá.