Ṣíbí Mẹ́ta

Radim, àbúrò mi, o ní kí n sọ bó ṣe rí fún ọ
kó tó di Ọjọ́rú tí ọ̀bẹ wọn yóò kàn ọ́.
Ìwé tí dókítà fún ọ gùn, mo ti kà á tán;
kò sí èjìká nínú rẹ̀.

Èjìká ló kọ́kọ́ dùn mí.
Ikùn ni wọ́n gé, èjìká ló ń ké:
atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sí mi nínú ló ń wá ọ̀nà jáde.
Bí wọ́n bá ní o dìde, dìde.
Èmi àti awakùsà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Kvido lorúkọ rẹ̀,
la jọ ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
aṣọ wa là lẹ́yìn, a ń tẹlẹ̀ bí ẹni tó kó ẹyin sáyà,
yìnyín ń bọ́ sórí Ostrava lójú fèrèsé.

Omi? Ife tí a fi ń wọn oògùn ọmọdé ni wọ́n fi bù ú.
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ ò gbà.
Èmi Vlasta, tí mo máa ń da ife bíà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan,
wákàtí kan gbáko ni mo fi bá ẹ̀kán omi yẹn jà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo padà sí ìdí ààrò ilé ẹ̀kọ́.
Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló ń dúró dè mí pẹ̀lú àwo.
Imú mi ń jẹun, ọ̀fun mi dúró bí asọ́bodè.
Tèmi ni ẹja lílọ̀, ṣíbí mẹ́ta.
Má dán ẹ̀kẹrin wò.
Ẹ̀kẹrin a dúró sí àárín àyà bí àlejò tí kò mọ ilé,
itọ́ a máa dà,
ìwọ àti àwo ilé ìyàgbẹ́ a sì fojú kojú.

Jarmila alájọgbélé gbé àkàrà òyìnbó eléso wá.
Ẹ̀bù kan péré.
Ọkàn mi sáré bí ẹni tí ajá ń lé,
mo na gbalaja sílẹ̀ ilé ìdáná,
ológbò jókòó tì mí, ó ń wo ẹni tí ṣúgà fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, irun mi dí ihò balùwẹ̀.
Mo sunkún lórí irun ju bí mo ṣe sunkún lórí bàbá wa lọ,
ojú ń tì mí láti sọ ọ́.
Ó ti ń hù padà. Ó rọ̀ bíi tọmọdé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí:
wọ́n gé inú mi, ó kù bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan,
àmọ́ inú tí mo fi ń bínú, wọn ò gé e.
Inú tí mo fi ń ro Oldřich lóru, bó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́,
ó ṣì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀.
Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì ni mo máa ń kó dí i.
Ní báyìí mo kàn ń jókòó tì í.
Àwọn alẹ́ kan wà, ó le ju èjìká lọ.

Òṣùwọ̀n á dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Má fẹsẹ̀ gbá a. Mo gbá a, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló dá.
Awọ apá mi ń mì bí aṣọ fèrèsé ilé tí onílé ti kó kúrò.
Wọ́n á ní ọ̀nà ẹ̀bùrú lo gbà.
Ẹ̀bùrú! Kí wọ́n wá gbà á wò.

Lánàá, mo so okùn bàtà mi láìjókòó.
Mo tú u, mo tún un so.

Kó ìbọ̀sẹ̀ dání, òtútù ń bọ̀.
Mo fi nǹkan sínú àpò yìí, má fi fún nọ́ọ̀sì fọ̀:
ṣíbí kékeré tí Màmá fi ń bọ́ ọ,
ojú eyín rẹ ṣì wà létí rẹ̀.