Dẹ́rẹ́bà Àjèjì

Oṣù mẹ́rin ni mo fi mọ ilé yìí sínú kọ̀ǹpútà,
ní yàrá ẹ̀yìn, Ṣómólú, lókè ilé ìtẹ̀wé Fìjàbí.
Kò sí búlọ́ọ̀kù kan tí n ò fọwọ́ mi gbé.
Bí ilẹ̀kùn bá ké, mo mọ ìṣó tó ń dùn ún.

Àmọ́ ojú rẹ̀ ṣú bí ojú òjò.
Káàdì àwòrán tí mo ra tòkunbọ̀ n'Íkẹjà
jókòó gẹlẹtẹ bí ọkọ̀ tí kò lẹ́ni tí yóò wà á.
Dẹ́rẹ́bà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n wà.
Àwọn tó ṣe káàdì ló rán an wá,
ó ru àpótí tí wọ́n tì pa.
Kí ló wà nínú rẹ̀?
Kò fèsì.
Ó ní kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n ní ekùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà.
Ekùrọ́ tèmi, tí mo fọwọ́ ara mi pa,
wo àlejò yìí lókè délẹ̀,
ó gbọ̀n, ó dákú.
Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, iná ló lọ.
Mo rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, mo tún ekùrọ́ pa.

Aago mẹ́ta òru, ojú là.
Pupa padà di pupa.
Ìwé ìpè ìkómọ tí Fìjàbí fẹ́ tẹ̀ láàárọ̀
hàn kedere, títí dé ìpéǹpéjú ọmọ náà.

Inú mi dùn, n ò ní purọ́.
Síbẹ̀ mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ fáànù káàdì náà
bí èémí ẹnìkan nínú yàrá kan
nínú ilé tí mo fọwọ́ mi kọ́,
tí n ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.