Ìwé Pélébé Rúsúrúsú

Tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje alẹ́ lù,
a ó ti máa rìn gbẹ̀fẹ́ kiri níwájú fíríìjì ńlá ilé ìtajà
bí ẹni tí kò wá nǹkan kan.
Èmi ń ka ẹ̀yìn páálí wàrà bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò.
Bàbá arúgbó kan dúró ti ibi ẹyin, ó ń súfèé.
Gbogbo wa la mọ ohun tí a wá ṣe.
Ojú ló ń tì wá.

Gárẹ́ẹ̀tì á wá yọ, ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìbọn,
á máa lẹ ìwé pélébé rúsúrúsú mọ́ ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé:
tẹ́! itan adìyẹ mẹ́fà, pọ́n-ùn kan.
Tẹ́! ẹ̀fọ́ inú ọ̀rá, ogún pẹ́ǹsì.
Súfèé á dákẹ́.

Màmá mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní,
"Ṣé kì í ṣe oúnjẹ tó ti fẹ́ bàjẹ́ lo ń jẹ níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní, "Ọjọ́ ló pé, oúnjẹ ò bàjẹ́.
Ẹja Èjìnrìn tí ẹ máa ń yan lẹ́ẹ̀mẹta ká tó jẹ ẹ́ tán,
ta ló lẹ ìwé mọ́ ọn nídìí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́.
Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Owó ni wọ́n ń ṣírò.

Èmi náà ṣírò nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.
Tòmátì mẹ́rin: mo sọ ọ́ di náírà, mo dá a padà sórí pẹpẹ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ Indómì ní Sheffield
títí orúnkún mi fi ń gbọ̀n lórí òkè yunifásítì,
òkè tí kì í ṣàánú ẹni tí kò jẹun.
"Ẹni tó bá ń sọ pọ́n-ùn di náírà, ebi ni yóò jẹ."
Dúróoríkẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀, tó ti lo ọdún kan ṣáájú mi.
Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàṣáráátì, ará Pakísítáànì,
níbi tí ẹ̀wà olójú dúdú wà nínú àpò kílò márùn-ún,
tí ata rodo ń dé ní Ọjọ́bọ̀, tó ń tán ní Ọjọ́bọ̀.
Bàṣáráátì ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ "rodo",
ó máa ń pè é bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀.

Báyìí, mo ń rẹ ẹ̀wà lálẹ́ Àbámẹ́ta kí iná má baà jẹ owó.
Mo ń ṣí fèrèsé bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó,
torí bí ata bá ti kan epo, agogo èéfín á figbe ta,
Tọ́másì á sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan.

Fíríìjì wa, pẹpẹ mẹ́rin, ènìyàn mẹ́rin.
Wàràkàṣì kún ti Tọ́másì. Ti Dúróoríkẹ́, abọ́ lórí abọ́.
Ti Ìṣọ̀lá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin,
ìgò mọ́sítádì kan ló dá wà níbẹ̀ láti oṣù Kọkànlá.
"Mo ti jẹun ní láíbìrì," ló máa ń wí.
Kò sí ẹni tó ń jẹun ní láíbìrì.

N kò bi í. Ebi ẹlòmíì, ẹ̀yìnkùlé là ń gbà wọ̀ ọ́.
Mo kàn ń se ẹ̀wà ju bó ṣe yẹ lọ,
mo ń kígbe nídìí àtẹ̀gùn pé, "Mo ṣì í wọ̀n o!"
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò dáhùn.
Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò.
Abọ́ méjì ló fi tọ́ ọ wò.

Lánàá, kí aago méje tó lù, mo rí i,
ó ń ka ẹ̀yìn páálí wàrà.
Mo yíjú sí ibi ẹyin.
Ìta la ti kí ara wa, òjò ń ṣe wínníwínní.
Ó ní, "Itan adìyẹ."
Mo ní, "Búrẹ́dì."
A gun òkè náà lọ, báàgì ń lu wá lẹ́sẹ̀.