Aago Ọwọ́ Jọláadé

Ilé iṣẹ́ ló fún wa ní aago,
aago dúdú tí kì í ka wákàtí:
ìṣísẹ̀ ló ń kà, àti bí ọkàn ṣe ń lù.
Nọ́ọ̀sì ti fi rọ́bà di apá mi ní yàrá ìpàdé,
ó wo nọ́ńbà, ó tún un wò,
ó fi bírò pupa kọ orúkọ mi.
Àwa mẹ́tàdínlógún ni bírò pupa mú
ní àjà kọkànlá, ní Màrínà,
àwa tí a mọ ìwọ̀n gbogbo kọ̀ǹtéínà,
tí a kò mọ tiwa.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn ti ń jí mi.
N kò rí i rí. N kò mọ̀ bóyá ó ga, bóyá ó kúrú.
Aago márùn-ún ààbọ̀, fóònù á gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí:
"Ẹ káàárọ̀, bàbá Jọláadé. Ṣé ẹ ti lo oògùn?
Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná?"
Mo ní ẹ̀fọ́ ni.
Ẹ̀bà ni, òkèlè ńláńlá,
mo sì fi ẹlẹ́rìndòdò tì í sọ́fun.
Ìyàwó mi rí mi bí mo ṣe ń tẹ irọ́,
ó kọjú sí ògiri.

Ẹgbàárin ìṣísẹ̀ lójúmọ́, ni wọ́n wí.
Èmi tí mo ń wọ lífìtì lọ bu tíì?
Mo bọ́ aago, mo fi sọ́wọ́ ọmọ mi.
Jọláadé gbá bọ́ọ̀lù, ó fo gọ́tà,
ó lé adìyẹ ìyá Sìkírá yí Èbúté Mẹ́ta ká.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti di akọni.
Wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri, ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ìbídùn kò kọ̀wé, ó pè.
Akùkọ kan ń kọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.
"Ọkàn yìí ń lù bí ọkàn ọmọdé, bàbá.
Ẹ bá mi kí i, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.
Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n fi bírò pupa kọ."

Mo fẹ́ bínú. Mo bi í pé
ta ló tún ń ka ẹ̀jẹ̀ mi yàtọ̀ sí ìwọ,
ṣé ọ̀gá ń wò ó, ṣé wọ́n á torí ẹ̀ lé mi?
Ó ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé rárá.
Òótọ́ yẹn ló mú mi.
Mo bá sọ ti bàbá mi fún un,
tó jí ní Sátidé kan, tó ń wá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀
lórí ibùsùn bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.
A jọ dákẹ́. Akùkọ yẹn tún kọ.

Lónìí lífìtì ń ṣiṣẹ́. Mo kọjá lára rẹ̀.
Àjà kìíní, ìkejì. Ní ìkẹta mo di irin mú.
Ní ìkẹrin mo jókòó sórí àtẹ̀gùn,
mo ń wo ọ̀sà láti ojú fèrèsé:
ọkọ̀ kan ń wọlé jẹ́jẹ́,
ẹrù rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ omi.
Fóònù gbọ̀n. "Ibo lẹ dé?"
Àjà kẹrin. Mo ń mí.
Ó ní, "Mo gbọ́."