Ìṣẹ́jú Méjì Pére

Ìṣẹ́jú méjì pére ni ọkọ̀ onígi tí okùn irin ń fà fi ń gun òkè
láti ẹsẹ̀ èbúté dé ibi tí ilé wa dúró sí.
Ìṣẹ́jú méjì náà sì ti tó Eliseo, àbúrò mi,
láti rí obìnrin, láti fẹ́ràn rẹ̀,
láti sọ ọmọ tí wọn kò tíì bí lórúkọ.

Òun ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọwọ́ kan lórí irin, ọwọ́ kan ń gba owó.
Ní Valparaíso, gbogbo ayé ló ń gòkè, gbogbo ayé ló ń sọ̀kalẹ̀.
Ta ni kò ní kọjá níwájú rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì kan ni, Maitén,
tó ń tòògbé lórí ìdúró, tí orí rẹ̀ ń kan fèrèsé, gbà, gbà.
Eliseo wọlé, kò jẹun: “Ismenia, mo ti rí i.”
“Ta lo rí?”
“Ẹni tí mo ti ń wá.”
Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ti ń wá ti di ẹlòmíràn,
olùkọ́ kan tó ká máàpù ayé sí abíyá.
“Gbogbo òkun pátá ló wà lábẹ́ apá rẹ̀,” ó wí,
omi ojú ń kán sínú tíì rẹ̀.
Ti Sátidé,
ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ti Sátidé.
Ó lọ́kọ.

Mo bá a wí títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.
Mo ní ọkàn kì í ṣe búrẹ́dì àárọ̀
tí ẹni tó bá kọ́kọ́ jí yóò kàn bù jẹ.
Mo ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.
Ó ní, “Inú ọkọ̀ yìí kò ní òkèèrè, Ismenia.
Ènìyàn méjìlá, ìjókòó mẹ́jọ.
Bí obìnrin bá mí, mo gbọ́.”

Lọ́dún tó kọjá, nínú òjò oṣù Keje,
ó dá ọkọ̀ dúró sí agbedeméjì òkè,
kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀,
torí obìnrin atukọ̀ òkun kan ń lọ bá ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté,
gbólóhùn tí Eliseo fẹ́ sọ fún un kò sì tíì parí.
Zunilda arúgbó gbé ẹja dání, yìnyín ń yọ́ sí i lẹ́sẹ̀, tó, tó, tó.
Àwọn ẹyẹ òfú ń fò kọjá, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi lé e sílé.
Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó sórí àtẹ̀gùn
tó ń sunkún ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀.
Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọmọbìnrin tó wá ka mítà iná rẹ́rìn-ín sí i.
Ó parí. Ẹkún gbẹ. Ó fá irùngbọ̀n.

Mo ń fọ abọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń kà wọ́n:
mọ́kànlélógójì, kí n tó ṣíwọ́ kíkà.

Ohun tí mi ò sọ fún un nìyí.
Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe,
ọkùnrin kan wà, Belarmino.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kí i.
“Ẹ káàárọ̀.” “Ẹ káàárọ̀ o.”
Mo mọ ìka rẹ̀ tí okùn gé.
Mo mọ̀ pé kì í fi ṣúgà sí kọfí.
Mo wò ó láti òkèèrè, bí àgbà ṣe wí,
igi kankan kò sì gún mi lójú.
Òkèèrè náà ni mo ṣì wà.

Lóru, Eliseo ń hanrun ní yàrá kejì,
oorun ẹni tó ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán
tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Èmi ń wo àjà.
Owó tèmi pé pérépéré.
Mi ò mọ ọjà tí mo ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Láàárọ̀ yìí, kùrukùru bo èbúté, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀.
Ó wo bàtà mi. Ó wo ètè mi tí mo kùn.
Ọmọ tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́.
Ó kàn ti irin náà síwájú ni,
a ò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí lórí òkè yìí.
Ìṣẹ́jú kan àbọ̀.
Mo kà á.